Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yín kí ẹ tó mú un wá sí Faransé

Ẹ̀yin ará Kétu ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń ṣètò láti mú ọmọ yín wá bá yín ní Faransé, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán.

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi wá. Wàhálà ìwé kò jẹ́ kí wọ́n rójú ro nǹkan mìíràn. Òfin ní kí wọ́n ti gbé níbẹ̀ fún oṣù 18 pẹ̀lú ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó lè béèrè mi, kí ilé wọn sì tó mítà onígun mẹ́rin 22, torí ìyẹn ni wọ́n là sílẹ̀ fún ènìyàn méjì ní agbègbè Paris. Wọ́n sáré títí wọ́n fi rí i. Wọn ò sọ fún mi pé yàrá kan ṣoṣo ni, pé aṣọ la ó fi dá a sí méjì. Wọn ò sọ pé aago 4 ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Ilé gíga tí wọ́n ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò sí wa, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fọ̀.

Ní agboolé wa, n kò dá jẹun rí. Níbí, bí mo bá jí, bàbá ti lọ. Bí mo bá ti iléèwé dé, wọ́n ti sùn. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn, ó rò pé mo ṣubú ni, ó fà mí dìde. Èdè Faransé tí mo fi ń gba ipò kìíní ní Kétu, wọ́n fi rín mi ní kíláàsì, mo bá pa ẹnu mọ́. Bàbá ní mo ti ń gbéra ga. Èmi sì gbà lọ́kàn mi pé wọ́n tàn mí. Ọdún méjì gbáko, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wa.

Ẹ pe ọmọ náà lórí fóònù. Ẹ yí kámẹ́rà sí yàrá, sí ibùsùn rẹ̀, sí aṣọ iṣẹ́ yín. Ẹ sọ iye tó ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín lóṣù. Ẹ sọ fún un pé tó bá pé ọdún 18, òun náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú tirẹ̀. Bó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.