Omijé Ò Kó Májèlé Kankan Jáde Lára

Ó tún ti dé o. Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Òkè-Àdó ló fi ohùn kan tí wọ́n ká sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé májèlé ni ìbànújẹ́, pé ojú ló ń gbà jáde, pé ẹni tí kò bá sunkún, májèlé yẹn á jókòó sí i lára, á di ẹ̀jẹ̀ ríru, á di jẹjẹrẹ. Oògùn tó wá júwe ni pé kéèyàn máa wo fíìmù tó ń pani lẹ́kún lálaalẹ́ láti fi fọ inú. Kí n tó gbọ́ ọ tán, àwọn ará ilé wa ti ń to "Àmín" sábẹ́ ẹ̀. Àmín sí kí ni, gan-an?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n ń sọ ọ́ nílé òkú, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tí àfẹ́sọ́nà já jù sílẹ̀: "Sun ún dáadáa. Bó o bá sun ún tán, ara á fúyẹ́." Àwọn tó kàwé nínú wọn tún máa ń fi sáyẹ́ǹsì tì í lẹ́yìn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi sáyẹ́ǹsì sí i.

Ẹ dúró síwájú dígí, ẹ rọra fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tó sún mọ́ imú. Ẹ ó rí ihò bíńtín kan níbẹ̀, kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Òmíràn wà lókè tó dojú kọ ọ́. Ihò méjèèjì yìí ni omi ojú ń gbà wọ imú, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Òun ló fà á tí imú fi máa ń da omi béèyàn bá ń sunkún. Òun náà ló fà á tí ẹni tó kán oògùn sójú fi máa ń tọ́ kíkorò ẹ̀ wò lọ́fun. Ìgbà tí omi bá pọ̀ ju ohun tí ihò yẹn lè gbà lọ ló tó ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyẹn ni pé nínú omijé tí ẹ ń sun, apá kan tó tó nǹkan wà tí ẹ̀yin fúnra yín tún ń gbé mì. Irú májèlé wo là ń lé jáde tá a tún ń gbé mì?

Bó bá sì jẹ́ pé ìdọ̀tí ara la fẹ́ kó dànù, Ọlọ́run ti fi ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín síkùn wa fún iṣẹ́ yẹn. Kíndìnrín àgbàlagbà tára ẹ̀ le ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà omi látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ó ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sára, nǹkan bíi lítà kan sí méjì péré ló ń bá ìtọ̀ lọ. Omi tí ojú ń sun lójúmọ́ láti fi mú ara ẹ̀ tutù kò kún ṣíbí kékeré tá a fi ń ro tíì. Kéèyàn sunkún títí di ìdájí, kò lè sun ohun tó máa kún ife. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n ń so ó mọ́ ní ọsibítù UCH. Mi ò tíì gbọ́ pé dókítà kan ní kó lọ wo fíìmù. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀, ọtí, ìsanra, ọjọ́ orí àti ohun téèyàn jogún nílé wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹ̀ kó lọ wọn tiẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ májèlé yìí. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, William Frey lorúkọ ẹ̀. Ó ní káwọn èèyàn wo fíìmù tó ń bani nínú jẹ́, ó gba omijé wọn sínú ìgò tíntìntín. Ó tún gba omijé àwọn tí àlùbọ́sà ta lójú. Nígbà tó yẹ méjèèjì wò, ó rí i pé prótíìnì pọ̀ nínú omijé ìbànújẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ. Ló bá dá a lábàá, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1985, pé bóyá ńṣe ni ara ń kó ohun tó ń ni ín lára dànù. Àbá ni o. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni ń ti ibẹ̀ rí ìwòsàn. Prótíìnì kì í ṣe ìdọ̀tí. Alexander Fleming, ẹni tó padà wá rí pẹnisílìnì, ti ṣàlàyé ọ̀kan nínú èyí tó wà nínú omijé láti 1922: kòkòrò àrùn ló ń pa. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ojú làwọn èèyàn wá ń pè ní májèlé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí fíìmù tí wọ́n ní ká máa wò. Ní 2015, àwọn olùwádìí tí Ad Vingerhoets ti Yunifásítì Tilburg ní Netherlands wà lára wọn ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti ṣe kí á tó la ẹnu. Wọ́n kó 60 èèyàn jọ, wọ́n bi wọ́n bí inú wọn ṣe rí, wọ́n fi fíìmù tó ń pani lẹ́kún hàn wọ́n, wọ́n sì tún bi wọ́n lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan kọ́ o, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí kò sunkún, inú wọn ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sunkún ńkọ́? Bí fíìmù ṣe parí báyìí, inú wọn bàjẹ́ ju bó ṣe wà kí wọ́n tó jókòó lọ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n ní ara àwọn tiẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ́n, mo gbọ́ yín, ẹ ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: omijé ti gbẹ tipẹ́ kí ara tó yá. Ta ló wẹ̀ laago mẹ́jọ tó wá mọ́ laago mẹ́sàn-án ààbọ̀?

Àwọn kan á ní, "Èmi o, ara mi máa ń fúyẹ́ lóòótọ́." Kò burú. Ẹni tó bá já sí kòtò tó wá gòkè padà, orí ilẹ̀ kan náà tó wà tẹ́lẹ̀ á dà bí òkè lójú ẹ̀. Wọ́n ti gba ìtàn ẹkún tó lé ní 3,000 jọ rí, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2008, mo sì gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ara tu àwọn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ò rí ìyàtọ̀ kankan, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá sì ní ńṣe ló tún burú sí i. Ẹni tó rí olùtùnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, ara rẹ̀ sábà máa ń tù ju ti ẹni tí kò rí lọ.

Kí n tiẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ìyá tó fi ẹ̀kọ títà rán ọmọ níléèwé, bí ọmọ yẹn bá wọ gáwùn jáde tó wá dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ló máa ń ṣe? Ẹkún ni. Ìbànújẹ́ wo ló ń fọ̀? Èmi náà, tí mo bá ń wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube, wọ́n lè pa ìyá, wọ́n lè pa ọmọ, ojú mi á gbẹ fúrúfúrú. Àmọ́ tí bàbá olóríkunkun tó lé ọmọ jáde nílé bá fi lè dìde lórí àga, tó gbàgbé bàtà, tó ń sáré lọ pàdé ọmọ ọ̀hún lẹ́nu géètì, mo ti kú síbẹ̀. Ohun tó dára ló pa mí lẹ́kún. Kò sí nǹkan kan nínú mi tó ń fẹ́ jáde.

Ẹ wo bàbá mi kékeré. Ní 1996, Shooting Stars wa dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn kíláàbù ilẹ̀ Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì, àwọn yìí kan náà tó ti nà wọ́n ní àṣekágbá 1984, fi pẹnáríìtì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Cairo. Bàbá kékeré sunkún bí ọmọdé nídìí rédíò. Ẹ lọ dárúkọ Zamalek lójú ẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ohun tí omijé ọjọ́ yẹn fọ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni ẹkún ń ṣe? Mo ń ka ìwé ìtàn kan nínú takisí Máíkírà tó ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Challenge, mo débì kan, omi kàn bọ́ lójú mi. Mi ò pariwo, mi ò sọ nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà wo dígí, ó rẹ rédíò sílẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò sí o?" Ìyá tó jókòó tì mí ti ń wá tíṣù nínú báàgì. Ẹnìkan lẹ́yìn ní Ọlọ́run á tù mí nínú. Ojú tì mí láti sọ pé ìwé ni. Ọ̀mọ̀wé kan, Robert Provine, ti dán irú ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ó gbé e jáde ní 2009: ó mú fọ́tò àwọn tó ń sunkún, ó fi kọ̀ǹpútà pa omijé rẹ́ lójú wọn, ojú náà ò yí padà. Àwọn tó wo fọ́tò náà ò tún rí ìbànújẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, òmíràn tiẹ̀ dà bí ẹni tó ń ronú lásán. Àwọn ẹlòmíì ni omijé ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó lọ́nà Ìsẹ́yìn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó tó sun ún, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá a gbè é. Ọmọ ìkókó náà, ẹ bi ìyálọ́mọ èyíkéyìí, á ké fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí omi tó ń ṣàn lójú ẹ̀. Ariwo ti tó láti pe ìyá ẹ̀ wá nígbà yẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an kì í ṣe àṣìṣe lórí kíndìnrín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, ìyàwó ẹ̀ ò sunkún. Ó ń wá àga fún àlejò, ó ń bi mí bóyá wọ́n ti sanwó mọ́ṣúárì, ó ń ṣírò ìrẹsì. Àwọn ìyá orí ẹní ń wò ó. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ kó jáde. Má fi sínú, á pa ọ́ o." Nígbà tí kò jáde, ohùn wá sílẹ̀: "Àbí ó mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ni?" Ibi tí ọ̀rọ̀ fífọ inú máa ń já sí nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tí ojú ẹ̀ gbẹ, wọ́n ti sọ ọ́ di aláìsàn tàbí apani.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá, ó lọ ra ẹran ní Bódìjà. Ìyá oníponmọ́ tó ti ń bá rà látọjọ́ pípẹ́ ò gbọ́ pé nǹkan ṣe. Ó gbé ọ̀bẹ, ó ní, "Ti bọ̀ọ̀dá ńkọ́? Ṣé kí n yọ èyí tó nípọn fún wọn?" Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Ìyá yẹn ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fa àpótí tó fi ń jókòó fún un, ó já omi ọlọ́rá fún un, ó dá oníbàárà méjì dúró, ó sì rán ọmọ ẹ̀ lọ pe Máíkírà. Mo bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìgbà náà bóyá ara fúyẹ́. Ó ní orí ló fọ́ òun mọ́jú, ojú òun wú, ohun tó wúwo ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó máa ń rántí ni àpótí yẹn àti pé ìyá náà ò bi òun ní ìbéèrè kankan.

Àwọn ìyá orí ẹní kúkú gbọ́ pé ó sunkún lọ́jà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn ló ń jà á.