Ọdún 35 nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀jọ̀gbọ́n criminology

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa: pé ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, yunifásítì yóò gbà á tààrà sípò ọ̀jọ̀gbọ́n criminology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, bó bá ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí ni ẹni tí kò mú olè rí fẹ́ kọ́ èèyàn nípa olè? Ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ sún ìwé kíkà síwájú títí ọjọ́ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 ní kí ọlọ́pàá fẹ̀yìn tì bó bá pé ẹni ọdún 60, tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ní yunifásítì ìjọba, òfin ọdún 2012 fún ọ̀jọ̀gbọ́n láyè títí dé 70. Olùkọ́ tí kò tíì dé ipò yẹn, 65 ni tirẹ̀. Àkàbà tó sì wà níbẹ̀ ni Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan Professor. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọdún 12 nìyẹn fún ẹni tó ti ní PhD lọ́wọ́, tí ìgbéga rẹ̀ kò sì falẹ̀ rárá. Ẹni tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá ní 60, tó wọlé sípò Lecturer II, orí Lecturer I ni 65 yóò ti bá a. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á sí Lecturer I, kò ní kọjá Senior Lecturer. Bí kò bá sì ní PhD, kó kọ́kọ́ yọ bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì fún master's, kó yọ mẹ́ta fún PhD, ó kéré tán. Part-time tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ipò ńlá nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, bíi CP (kọmíṣọ́nnà) tàbí AIG tó jù ú lọ, kò sì ní gbé e fo ìpele kankan. Bí fáìlì ìgbéga bá ti kan Reader àti Professor, ṣe ni yunifásítì máa ń kó àwọn iṣẹ́ ìwádìí ẹni náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìmọ̀ tuntun tó mú wá, inú jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) tó ti tẹ̀ ẹ́ jáde, àti ìwọ̀n tó jẹ́ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ tó bá ẹlòmíràn kọ. Case diary, ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ ìwádìí ẹjọ́ sí, kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ẹ wo Zaria níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Odekunle, ọmọ Yorùbá, tó kọ́ni ní Ahmadu Bello University (ABU), tí a mọ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n criminology àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ dé Jos, ẹ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Etannibi Alemika, tó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ wa. Onímọ̀ ni òun náà.

Wọ́n ní ọlọ́pàá ló ń rí ọ̀daràn lójúkojú. Àwọn wo ló ń rí? Ìwádìí tí NBS, àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò jọ, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 fi hàn pé nínú ìwà olè tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn èèyàn, ìdá 36.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Ìyókù kò dé orí káńtà tésàn rí. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn káńtà yẹn fún ọdún 35 lè mọ ìdá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dunjú, àmọ́ iṣẹ́ criminology ni láti wá èyí tí kò dé ibẹ̀ rí, kó sì mọ ìdí tí kò fi dé.

Ẹni tó tiẹ̀ ṣe ọlọ́pàá rí tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í ṣe iye ọdún ló gbé e débẹ̀. Peter Moskos, ọ̀jọ̀gbọ́n ní John Jay College ní New York, ṣe ọlọ́pàá ní Baltimore, kò sì pé ọdún méjì níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní Harvard ni nígbà tó wọṣẹ́, ohun tó ń wò níbẹ̀ ló sì fi ṣe ìwádìí rẹ̀.

Wọ́n lè fi August Vollmer dá mi lóhùn, ọ̀gá ọlọ́pàá Berkeley ní California, tí kò kàwé púpọ̀, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1931. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 1931 nìyẹn, òun gan-an ló sì ń ti àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Lónìí, wọ́n lè fi contract pe ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì wá kọ́ kíláàsì kan tàbí méjì. Àlejò ni.

Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ kí ìrírí òun wúlò, ìgbà tó ṣì wà ní ipò ọ̀gá kékeré, bíi ASP tàbí DSP, ni kó ti bẹ̀rẹ̀ master's. Ibi tí iṣẹ́ ìwádìí àwọn ọlọ́pàá tó ń kàwé ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìwé ìbéèrè. Ọ̀gá á tẹ̀ ẹ́, á ní kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní tésàn, gbogbo ìdáhùn á sì padà wá bákan náà. Kò sí kọ́nsítébù tó máa kọ òótọ́ sórí ìwé tí DPO rẹ̀ máa kó jọ. Kó wá ẹni tí kò ní ipò nínú iṣẹ́ náà láti pín in, ní tésàn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, láìsí orúkọ tàbí nọ́ńbà iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó wà ní àhámọ́ kò lè sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò ní dáhùn ìbéèrè rẹ̀, nítorí náà ìgbìmọ̀ ethics, tó ń rí i pé ìwádìí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kò ní gbà á. Àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ni kó lọ bá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, láìwọ aṣọ iṣẹ́. Fáìlì ẹjọ́ ló léwu jù: bó bá lò ó láìgbàṣẹ, Official Secrets Act, òfin tó dáàbò bo àṣírí ìjọba, lè mú un, jọ́nà kò sì ní tẹ iṣẹ́ náà. Kó kọ lẹ́tà sí Force Headquarters kó tó gbèjà proposal (ètò ìwádìí) rẹ̀, torí bí wọ́n bá ní rárá, àkòrí yẹn ti di ohun tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀.