Maggie Walker Kọ́ Ló Dá Ẹgbẹ́ St. Luke Sílẹ̀

Ọdọọdún, bí oṣù Èrèlé bá ti dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ìrántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, àwòrán Maggie Lena Walker á tún gbòde kan. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé òun ló dá ẹgbẹ́ St. Luke sílẹ̀, pé owó ara rẹ̀ ló fi ṣí báǹkì, pé òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ báǹkì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Èèyàn á kà á, orí á wú. Àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí irọ́ yìí sì ń gbé pamọ́ ló ń dùn mí jù.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Prout ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Baltimore lọ́dún 1867, nígbà tí Maggie ṣì wà lọ́mọdé ní Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia. Ẹgbẹ́ obìnrin ni níbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n gba ọkùnrin mọ́ra. Wọ́n ń dáwó jọ kí ẹni tó bá ń ṣàìsàn lè rí owó jẹun, kí ẹni tó bá sì kú lè rí ìsìnkú tó bójú mu. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ alájọ àwọn ìyá ọlọ́jà wa ti mọ bó ṣe ń lọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá Maggie, Elizabeth, ẹrú ló sì jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Maggie ló máa ń ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ sílé àwọn òyìnbó tí ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi wọ ẹgbẹ́ St. Luke, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àgbà lọ́dún 1899, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. $31.61 ló kù nínú àpò, gbèsè tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ $400. Àwọn tó ṣì ń san owó ẹgbẹ́ kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Owó oṣù tó gbà láti ṣe iṣẹ́ yẹn jẹ́ $8. Ibí gan-an ni mo rò pé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ wà: kò dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ó gba nǹkan tó ń kú lọ, ó sì jí i dìde. Nígbà tó fi máa di 1924, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti tó 50,000.

Lọ́dún 1901 ló dìde níwájú ìpàdé ẹgbẹ́, tó ní kí wọ́n kó owó wọn jọ sójú kan, kí wọ́n yá ara wọn, kí èrè rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ wọn. Lọ́dún kejì, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lọ jókòó sínú báǹkì àwọn òyìnbó kan ní Richmond, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1903, St. Luke Penny Savings Bank ṣílẹ̀kùn. Owó ta ni? Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni: alágbàfọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tábà. Àwọn ọmọdé gan-an ń fi sẹ́ńtì wọn pamọ́ síbẹ̀.

Walker fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tó ń dán bàtà fún èèyàn lórí àga tó háyà. Àwọn ará báǹkì gbà á níyànjú kó máa fowó pamọ́. Nígbà tó yá, ó ní $50. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti háyà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, nígbà tó sì ṣe, ó ra ilé fún ìyá rẹ̀.

Ní ti obìnrin àkọ́kọ́, Louisa Stephens ti jẹ́ ààrẹ báǹkì ní ìpínlẹ̀ Iowa láti 1883, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Aláwọ̀ funfun ni. Ohun tó jẹ́ ti Walker ni pé òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ báǹkì tó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Èyí tó o, kò nílò àbùlà kankan.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí. Lọ́dún 1905, ẹgbẹ́ ṣí ilé ìtajà ńlá kan, St. Luke Emporium, kí àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú lè rí iṣẹ́ tí kì í ṣe ìfọṣọ. Àwọn oníṣòwò òyìnbó gbógun tì í, wọ́n sì ń dí àwọn tó ń kó ọjà fún un lọ́wọ́. Kò ju bí ọdún mẹ́fà lọ tó fi kógbá wọlé. Báǹkì ló dúró. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ó da báǹkì náà pọ̀ mọ́ báǹkì aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn ní Richmond, ó fi ipò ààrẹ sílẹ̀, ó sì di alága ìgbìmọ̀. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti ń ṣiṣẹ́ náà títí tó fi kú ní oṣù kejìlá 1934.