Owó nìkan kọ́ ló ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa

Bí òṣìṣẹ́ bá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, ohun méjì làwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn yòókù á ní kí ọ̀gá fi kún owó oṣù rẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Ṣebí owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó já fáfá di ẹni tó ń wo aago látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Henry Ford, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford sílẹ̀, làwọn tó gbà pé owó ló ń ṣe é sábà máa ń tọ́ka sí. Lọ́dún 1914, ó gbé owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí dọ́là 5 lóòjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ló gbé e dé ibẹ̀? Lọ́dún 1913 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lórí ìlà tó ń rìn: ọkọ̀ á máa kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kálukú á sì ṣe ohun kan ṣoṣo sí i lára. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń to nǹkan pọ̀ wá di ẹni tó ń fún nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Lọ́dún yẹn, kí àyè òṣìṣẹ́ 100 má bàa ṣófo, nǹkan bí èèyàn 370 ni wọ́n ní láti gbà síṣẹ́, torí àwọn tó ń wọlé kì í pẹ́ jáde. Dọ́là 5 yẹn dá wọn dúró lóòótọ́. Ohun tó ṣe náà nìyẹn: ó mú kí wọ́n fara da iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà kò yí padà.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Richard Hackman àti Greg Oldham, àwọn olùwádìí nípa ìwà èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, gbájú mọ́ bí a ṣe gé iṣẹ́ kalẹ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n ní ká wò. Ṣé iṣẹ́ náà ń lo oríṣiríṣi ọgbọ́n tí èèyàn ní? Ṣé òṣìṣẹ́ ń rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ṣé ó kan ìgbésí ayé ẹnì kan? Ṣé òun fúnra rẹ̀ lè pinnu bí yóò ṣe ṣe é? Ṣé iṣẹ́ náà ń fi hàn án bóyá ó yege?

Ẹ wo ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà lórí fóònù. Wọ́n ti bá a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ sọ sílẹ̀. Kò láṣẹ láti dá owó padà. Bó bá ti gbọ́ ẹ̀sùn tán, ó di ọwọ́ ẹlòmíì, kò sì ní mọ̀ láé bóyá wọ́n yanjú rẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lórí. Ẹ wá sọ owó oṣù rẹ̀ di méjì. Inú rẹ̀ á dùn lọ́jọ́ tówó bá wọlé, kò sì ní í láṣẹ láti ran ẹni tó ń sunkún létí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìwádìí tí Adam Grant, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 wú mi lórí púpọ̀. Àwọn kan ń pe èèyàn lórí fóònù láti tọrọ owó fún yunifásítì kan. Wọ́n jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn fi ìṣẹ́jú bíi 5 bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí owó náà ń rán níwèé sọ̀rọ̀. Lóṣù kan lẹ́yìn náà, àkókò tí wọ́n ń lò lórí fóònù ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Wọ́n kàn rí ojú ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ni.

Àwọn ọ̀gá kan á gbọ́ èyí, wọ́n á sì di iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lé ẹnì kan lórí, wọ́n á ní àwọn ti fẹ iṣẹ́ rẹ̀ lójú. Rárá o! Ẹrù ni wọ́n fi kún ẹrù. Olùwádìí kan, Robert Karasek, ti fi hàn lọ́dún 1979 pé ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀, tí òṣìṣẹ́ kò sì ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀, ni àárẹ̀ ọkàn ti ń mú èèyàn jù.

Mi ò sọ pé owó kò ṣe pàtàkì. Ìyà ni kéèyàn ṣiṣẹ́ kó má gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe iṣẹ́ tó lè dí ihò yẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ iṣẹ́ tó gba ìrònú púpọ̀. Hackman àti Oldham náà sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀gá tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, kó jókòó tì í ní odindi ọjọ́ kan, kó sì bi í pé: èwo nínú iṣẹ́ yìí ni ìwọ fúnra rẹ lè pinnu?