Ẹ̀rín Mornington Crescent

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ BBC Radio 4, rédíò ìlú ọba. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Kì í ṣe "kàkàkà" tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nílé bàbá yín mọ́, ti imú ni, "hùn", bí ẹni tí ata há sí ihò imú. Ó yẹ yín gan-an ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọkọ àbúrò mi fi mọ́tò gbé mi láti Peckham, a fẹ́ lọ pàdé ìyá wa ní pápákọ̀ òfurufú Luton. Bí aago mẹ́fà àbọ̀ ṣe lù, ó na ìka sí rédíò pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣí Bíbélì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ eléyìí." Mo ní kò burú. Ẹnì kan dárúkọ ibùdókọ̀ ojú irin kan ní London. Ẹnì kejì dárúkọ òmíràn. Ẹlẹ́kẹta mí kanlẹ̀, ó ronú, ó dárúkọ tirẹ̀, àwọn èrò ní "háà!" Ẹlẹ́kẹrin wá ní, "Mornington Crescent." Àtẹ́wọ́ ta! Ọkọ àbúrò mi fi ọwọ́ kan nu omijé ẹ̀rín, lórí ọ̀nà márosẹ̀ M1, tí ọkọ̀ àjàgbé wà lẹ́yìn wa.

Mo ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní Mornington Crescent."

Mo ní mo gbọ́. Òfin eré náà ńkọ́? Ó ní kò lófin, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Ta ló ń borí? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Mornington Crescent ni. Kí ló wá dé tí ẹni àkọ́kọ́ ò sọ ọ́, ká gbọ́ nǹkan mìíràn? Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ̀ sí pálọ̀.

N ò ní fojú kéré wọn o. I'm Sorry I Haven't a Clue, ètò tó ń gbé eré yìí jáde, ti wà láti 1972. Ibùdókọ̀ náà wà lóòótọ́, ní Camden ní London, lórí ọ̀nà ojú irin Northern Line. Wọ́n tì í pa ní 1992. Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣí ní 1998, àwọn aláwàdà yìí ni wọ́n ké sí. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Mornington Crescent." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo gbé ohùn sókè, mo tún un sọ. Òṣìṣẹ́ kan ní, "Ibí náà nìyí, sà." Mo délé, mo gbìyànjú ti Ìbàdàn: Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Sángo, Ọ̀jọ̀ọ́, mo dákẹ́ díẹ̀, mo ní, "Mọ̀níyà!" Ìyàwó mi béèrè bóyá mo ti lo oògùn mi. Ẹ sì wo kọ̀ńdọ́ ní Ìwó Road, tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ láti ìdájí, tó tún ń fi "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o" kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Ètò rédíò mìíràn tún wà, Just a Minute, láti 1967: kí o sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan láì kólòlò, láì tún ọ̀rọ̀ sọ, láì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ ta eré yẹn? Bó bá ní "kíákíá" báyìí, ó ti jáde. Bó bá sì kí èèyàn, kó tó dórí "ẹ kú ìnáwó", wọ́n ti lé e dénú ilé.

A ń lọ ṣá. Ọkọ àbúrò mi wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ò lè ṣe irú èyí. Ariwo àti ìpolówó ọjà lásán ni wọ́n ní." Irọ́ kọ́ pátápátá. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ní Houston: lọ́yà, fóòmù, lọ́yà, ẹnì kan tó ń pariwo òṣèlú, lọ́yà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà látilẹ̀? Aláwàdà wọn, Jack Benny, ń ṣe ahun lórí rédíò wọn láti 1932. Ní 1948, nínú eré náà, olè nàbọn sí i: "Owó ẹ àbí ẹ̀mí ẹ?" Benny dákẹ́. Ó dákẹ́ lórí rédíò! Èrò ń rẹ́rìn-ín. Olè tún béèrè, Benny ní, "Mò ń rò ó!" Ìyá àgbà mi á gbọ́ ìyẹn yé láì sí ògbufọ̀. Àwọn onígbọ̀wọ́, bí àwọn tó ń ta ìpápánu Jell-O, ló ń sanwó ètò náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, owó ṣí lọ síbẹ̀, aláwàdà tẹ̀ lé owó. Ti ìlú ọba, owó láísẹ́ẹ̀sì tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ́ ọ. Láti 1971, ẹni tó ní rédíò nìkan ò san kọ́bọ̀. Ọkọ àbúrò mi ò ní tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mò ń san owó ẹ̀rín tó ń rín!

Ẹ̀yin ọ̀dájú gbogbo! Níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sọ ìtàn ìjàpá àti àna rẹ̀. Gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín. Òun nìkan ló ń gé mọ́ínmọ́ín. Ó ní àwàdà mi "hàn síta jù". Nígbà tí a ní asọ̀rọ̀mágbèsì kan lára ògiri ní Òkè-Àdó, agboolé ń gbọ́ ọ pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn, bàbá mi á ní, "Ọlọ́tí nìyẹn," á sì sùn. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rín díbọ́n kí aládùúgbò lè pè é ní ọ̀mọ̀wé.

Ìyá wa dé, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ọkọ àbúrò mi fi fóònù tún eré náà gbé sí i fún wọn. Màmá tẹ́tí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti sọnù ni? Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n bi ọlọ́pàá."

"Màámi, àwàdà ni."

"Àwàdà kẹ̀? Ta ló ṣubú?"