Lẹ́tà Gàdàgbà Kọ́ Ni Àkọlé!

Ó ti sú mi, mi ò sì ní dákẹ́ mọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ní Adó-Èkìtì yìí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Afọ́jú ni mí. Etí ni mo fi ń lo kọ̀ǹpútà. NVDA, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ̀rọ̀, ló ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi. Tí mo bá tẹ H, ó yẹ kó gbé mi lọ síbi àkọlé tó kàn. Tí mo bá tẹ 2, àkọlé onípele kejì ló yẹ kí n bá. Bí àwa ṣe ń wá nǹkan nìyẹn. Àbí ta ló ń wá Ìwé Jòhánù tó ń kà á bọ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì?

Ilé ìwé kan níbí gbé iye owó ìwọlé síta. Àbúrò mi fẹ́ wọlé, mo ní kí n bá a wò ó. Mo tẹ H, ẹ̀rọ ní kò sí àkọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí! Àbúrò mi wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, àkọlé kún ibẹ̀ fọ́fọ́ o, wọ́n tiẹ̀ kùn ún ní pupa." Wọ́n kàn fẹ lẹ́tà lójú ni, wọn ò sọ fún kọ̀ǹpútà pé àkọlé ni! Mo wá ń gbọ́ ìkíni ọ̀gá àgbà, mo ń gbọ́ orúkọ gbogbo ẹ̀ka. Kí n tó kan owó, iná lọ.

Àwọn mìíràn tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì wà tí ẹ fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àkọlé ni: h1 ni orí ọ̀rọ̀ gbogbo ojú ewé, h2 ni ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀, h3 wà lábẹ́ h2, títí dé h6. Kí ló le níbẹ̀? Wọ́n á fò láti h1 bọ́ sí h5, torí pé lẹ́tà h5 kéré, ó wù wọ́n. Èmi á wá máa padà sẹ́yìn, mò ń wá ìpele kejì tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Iṣẹ́ CSS, èdè tí ẹ fi ń ṣètò ìrísí ojú ewé, ni ìwọ̀n lẹ́tà! Ẹ kọ h2, kí ẹ fi CSS sọ ọ́ di bíńtín tó bá wù yín.

Láti 2008 ni WCAG 2.0, ìlànà àgbáyé lórí bí àkàndá ẹ̀dá ṣe máa lè lo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ti sọ pé ohun tí ojú rí bí àkọlé, kí kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Òfin tó ní kí wọ́n má yọ àwa àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 2019. Èkìtì tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn yìí náà!

Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí, ẹ pa ojú rẹ̀ dé, kí ẹ wá iye owó ilé ìwé tiyín fúnra yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó sọ fún mi pé ẹ ò ráyè tún un ṣe.