Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹjọ́ Pete Best Kò Tíì Tán Lọ́kàn Mi

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ The Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, bá délẹ̀, ẹnìkan á ní Pete Best, onílù wọn àtijọ́, kò mọ ìlù lù tó, pé Ringo Starr ló tọ́ sí ibẹ̀, kí wọ́n yéé sunkún onílù tí wọ́n yọ lọ́dún 1962. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Ringo. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé wọ́n yọ Pete. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ̀. Mona Best, ìyá Pete, ló ṣí Casbah, ilé ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́, sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé wọn ní West Derby, ní Liverpool, lóṣù kẹjọ ọdún 1959. John Lennon, Paul McCartney àti George Harrison ló kọrin níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ò tíì máa jẹ́ The Beatles. Àwọn ọmọ náà ti bá ìyá yìí kun ilé kó tó ṣí i. Ó gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọdún kejì, iṣẹ́ dé láti Hamburg ní Jámánì, wọn ò ní onílù, Pete sì ní ìlù. Wọ́n pè é, ó bá wọn lọ.

Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ń sùn? Ẹ̀yìn ilé sinimá kan tí wọ́n ń pè ní Bambi Kino ni, ibi tó ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn oníwòran. Inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni wọ́n ti ń bọ́jú láàárọ̀. Lálẹ́, wọn á fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣeré. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọlọ́pàá mú Pete àti Paul pé wọ́n fẹ́ dáná sun ilé, wọ́n sì lé àwọn méjèèjì kúrò nílùú. Ẹni tí ẹ jọ wọ àtìmọ́lé nílẹ̀ àjèjì, ó ti kúrò ní ẹni tí èèyàn ń ránṣẹ́ sí.

Èmi náà lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ Sunday kan mo dé, mo bá ọmọ mìíràn lórí àga mi, ọ̀pá ìlù mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olórí akọrin ń wo ìwé orin iwájú rẹ̀ títí mo fi kọjá. Mo lọ jókòó lẹ́yìn, mo ń bá wọn pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣe rí lè rò pé mò ń sọ àsọdùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé George Martin, ẹni tó ń darí gbígba orin wọn sílẹ̀, ló ní kí wọ́n yọ Pete, ẹ rọra. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1962, wọ́n lọ gbohùn sílẹ̀ nílé ìgbohùnsílẹ̀ tó wà ní Abbey Road. Ìlù Pete kò tẹ́ Martin lọ́rùn, ó sì ní onílù mìíràn lòun máa lò tí wọ́n bá ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò ní kí wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ tún wò ó: nígbà tí Ringo dé ibẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ òun náà, wọ́n gbé e fún onílù mìíràn, Andy White, wọ́n fi tambourine lé Ringo lọ́wọ́. Ṣé wọ́n lé Ringo? Wọ́n fún un láyè, ó sì padà sídìí ìlù rẹ̀. Ìwọ̀nba àyè yẹn ni Pete kò rí.

Lálẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Pete bá wọn lu ìlù ní Cavern, ilé ìgbafẹ́ kan ní Liverpool. Brian Epstein, máníjà wọn, ní kó wá rí òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Neil Aspinall, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Brian sọ fún un pé àwọn tó kù fẹ́ kó máa lọ, pé Ringo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì bá wọn ṣeré alẹ́ ọjọ́ náà! John kò sí níbẹ̀. Paul kò sí níbẹ̀. George kò sí níbẹ̀. John fúnra rẹ̀ wá jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan pé ojo làwọn, pé Brian làwọn rán níṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ tuntun tí Pete wọ̀ bá wọn ṣeré lójú agbo kan náà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n kọjá lára ara wọn, kò sẹ́ni tó ya ẹnu.

Pete kó búrẹ́dì sọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ló di òṣìṣẹ́ ìjọba níléeṣẹ́ tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì lo bí ogún ọdún níbẹ̀. Nígbà tí Anthology 1, àwo tí wọ́n kó orin The Beatles àtijọ́ sí, jáde lọ́dún 1995, ìlù rẹ̀ wà nínú orin mẹ́wàá níbẹ̀, owó gidi sì wọlé fún un. Inú mi dùn. Àmọ́ ẹ wo iwájú páálí àwo náà. Àwòrán àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí Pete bá wọn yà: wọ́n ya orí rẹ̀ kúrò, ojú Ringo ló yọ níbi tó ya.

Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ó fẹ̀yìn tì nídìí ìlù, lẹ́ni ọdún 83. Paul ṣì wà láyé. Casbah náà ṣì wà, àwọn èèyàn ń lọ wò ó, àwọ̀ òṣùmàrè tí Paul fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sí àjà ibẹ̀ kò tíì parẹ́. Mo fẹ́ kí Paul lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó jókòó ti Pete lábẹ́ àjà yẹn, kó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán Brian sọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.